Ẹyẹ Mẹ́rin láti Etí Odò Mìíràn

Ajé, 6 oṣù Ṣẹẹrẹ

Ọyẹ́ mú lónìí. Ètè mi là, iyanrìn inú àgọ́ sì tutù débi pé àwọn sáré-dúró, ẹyẹ etí odò tí à ń tọ́, ń fi ẹsẹ̀ kan dúró, wọ́n ká èkejì mọ́ ikùn. Àwọn ẹyin tó wà nínú ẹ̀rọ ìpẹyin ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mẹ́fà ṣófo, ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá bí ìgbà tí èèyàn bá tanná sí ife omi. Mẹ́ta ti ń di ọmọ bọ̀ kí wọ́n tó kú. Méjì péré ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣì hàn nínú wọn.

Báyìí náà ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Ọmọ tí a rí nígbà náà kò pé márùn-ún, ẹnu ọ̀kan sì wọ́, kò lè ṣa ìdin nílẹ̀. Mo fi ọwọ́ bọ́ ọ títí, ó kú náà ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí dé nígbà tí oòrùn yọ díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìntì tí mo gba ipò olórí ọgbà ẹyẹ yìí lọ́wọ́ wọn, kò sí àárọ̀ tí wọn kì í rìn wá láti ilé wọn, Bódìjà níbí náà ni. Wọ́n á jókòó sórí àpótí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, wọ́n á máa wo àwọn ẹyẹ wọn. Tiwọn ni lóòótọ́. Àwọn ni wọ́n lọ kó ẹyin lórí iyanrìn odò, ọdún kẹtàdínlógún rèé, kí omi odò tí wọ́n sé tó bo gbogbo ibẹ̀. Ìyàwó wọn, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, ló fi ooru gílóòbù iná pa àwọn ẹyin náà di ọmọ nínú ilé ìdáná. Sáré-dúró odò yẹn kò sí níbòmíràn mọ́, àfi nínú àgọ́ wa yìí. Gbogbo wọn ò pé ogún.

"Ẹyin ńkọ́?" wọ́n bi mí.

"À ń wò ó lọ́wọ́, sà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n mọ̀ pé ká ní ìròyìn dára ni, mi ò bá ti sáré pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, 9

Fàwáz, ẹni tó ń bá wa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹyẹ wò, wá láti láàbù rẹ̀ ní Agbowó. Èsì ẹ̀jẹ̀ ti jáde.

"Ọ̀gá mi, ẹ jókòó ná."

Mo jókòó. Láti ìgbà tí a ti gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ apá ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń retí ọjọ́ yìí. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí itan. Ó ti to àbùdá àwọn ẹyẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àwọ̀ kan fún ibi tí wọ́n ti jọra, àwọ̀ mìíràn fún ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà náà.

"Ẹ̀jẹ̀ wọn ò ju ti ilé kan lọ," ó ní. "Ká ní èèyàn ni wọ́n, kò sí pásítọ̀ tàbí àáfà tó máa so èyíkéyìí pọ̀ nínú wọn."

"Ìtẹ́ mẹ́ta ni Bàbá Bùsàrí ti kó ẹyin."

"Ọ̀kan nínú ẹ̀ ti parẹ́. Kò ní àtọmọdọ́mọ kankan mọ́."

Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ṣe é, torí òun mọ̀ pé mo máa bèèrè. Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

"Ó dà bíi AS tó fẹ́ AS," ó ní. "Kálukú ń gbé tiẹ̀ kiri, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé lára ọmọ ni wàhálà ń dé. Ti àwọn ẹyẹ yìí kì í wá ṣe ẹyọ kan. Irú ẹ̀ pọ̀ lára wọn."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ká máa kọ́ni, ọ̀tọ̀ ni ká máa wo Aláró, abo olórùka aró tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́, bó ṣe sàba lé ẹyin tí kò ní nǹkan kan nínú.

Ẹtì, 10

Kò síná láti àná. Epo tún ti gbówó lórí. Ínfátà gbé ẹ̀rọ ìpẹyin títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ni a tan jẹnẹrétọ̀. Gbogbo rẹ̀ nítorí ẹyin méjì.

Ajé, 13

Mo sọ fún wọn lónìí. Mo dúró kí wọ́n mu tíì wọn tán.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹyẹ wa ti sún mọ́ra jù."

"Ìbátan ni wọ́n. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Wọ́n ti ju ìbátan lọ, sà. Ìyẹn ló fà á tí ẹyin ò fi pa."

Mo ṣàlàyé ohun tí Fàwáz rí. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Aláró sáré kọjá níwájú wa, ó dúró gbọ̀n-ín, ó ṣa nǹkan nílẹ̀, ó tún sáré.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Kí á mú díẹ̀ wá láti odò Kíṣì. Irú wọn ṣì pọ̀ níbẹ̀."

"Ti Kíṣì kì í ṣe tiwa." Wọn ò gbé ohùn sókè. "Ọ̀já dúdú tó wà láyà tiwọn tín-ín-rín. Igbe wọn pàápàá yàtọ̀. Tí o bá pò wọ́n pọ̀, lọ́dún mẹ́wàá sí i, kí ló máa kù nínú ohun tí mo kó jáde látinú omi?"

Ìbéèrè gidi ni, mo sì mọ̀ pé kò ní èsì tó máa tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo ní, "Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí, sà, lọ́dún mẹ́wàá sí i, kò ní sí ẹyẹ kankan tí a ó máa bèèrè ohun tó kù lára rẹ̀."

Wọ́n dìde. Láti ọjọ́ yìí wá, inú ọgbà ni wọ́n máa ń fi àpótí ìjókòó wọn sí. Lónìí, wọ́n gbé e lọ sílé.

Ìṣẹ́gun, 14

Wọn ò wá.

Ọjọ́bọ̀, 16

Wọn ò wá. Ọ̀kan nínú ẹyin méjèèjì ti kú.

Àìkú, 19

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ kí màmá mi ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n ń bó ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, mo bá wọn bó o. Wọ́n rí i lójú mi pé nǹkan ń dùn mí, mo bá rò ó fún wọn. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹyẹ ni mo gbé sọ́kàn tó báyìí.

Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "O rántí Dúpẹ́olúwa?"

Ta ló lè gbàgbé Dúpẹ́olúwa? Òun ni Akóredé, àbúrò mi, mú wálé láti fẹ́. Ọmọ Kíṣì bíi tiwa ni, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Màmá wa lọ ṣèwádìí sílé, wọ́n sì rí i pé agboolé wa gan-an ni ìyá bàbá ọmọ náà ti wá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Akóredé ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko.

"Ṣé ẹ kábàámọ̀ ẹ̀, Màámi?"

"Ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹbí ni." Wọ́n da omi ẹ̀wà nù, wọ́n bu òmíràn sí i. "Má jẹ́ kí ti ọ̀gá yín bí ẹ nínú. Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ tọ́ nǹkan, tí wọ́n wá sọ fún un pé nǹkan náà ò lè dá dúró, ọkàn ẹ̀ á gbọgbẹ́. Kò túmọ̀ sí pé kò gbọ́ ohun tó o sọ."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé àbúrò bàbá mi, Bàbá Àkànmú, ṣì ń pẹja lódò Kíṣì.

Ọjọ́rú, 22

Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí. Wọ́n gbé e nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kẹta.

"Bàbá, mo fẹ́ lọ sí Kíṣì lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Mi ò fẹ́ lọ láìsọ fún yín."

"Ìwọ lolórí ọgbà báyìí. Ṣe bó o bá ṣe rí i."

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí odò bá fà, tí iyanrìn bá yọ, ni ẹyẹ yìí máa ń yé. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ẹyẹ wa mélòó ló sì máa lè yé nígbà náà? Mo sọ fún Rasheed, awakọ̀ wa, kó lọ wo táyà.

Àbámẹ́ta, 25, Kíṣì

Àná la dé, a gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbẹ́tì. Bàbá Àkànmú ti ń dúró dè wá. Wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n apá wọn ṣì le. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé èmi àti Fàwáz lọ sórí iyanrìn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Mi ò tíì rí sáré-dúró tó pọ̀ báyìí rí. Ó lé ní igba. Bí wọ́n bá jọ gbéra, ṣe ni iyanrìn máa ń dà bí ohun tó ṣí kúrò nílẹ̀. Mo dúró, mo ń wò wọ́n, mo gbàgbé pé àwọ̀n wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí ti rí irú èyí lódò tiwọn. Èmi ò rí i rí. Inú àgọ́ nìkan ni mo mọ̀ wọ́n sí.

Bàbá Àkànmú bi wá bóyá a fẹ́ lọ sè wọ́n ni. Fàwáz ṣàlàyé.

"Áà, ẹ wá tọrọ ọkọ," wọ́n ní.

"Ọkọ méjì, ìyàwó méjì, Bàbá," Fàwáz dáhùn.

"Kí lẹ wá gbé wá?"

Fàwáz gbé búrẹ́dì mẹ́ta tí a rà ní Mọ́kọ́lá jáde. Bàbá Àkànmú gbà á, wọ́n ní ó kéré, ṣùgbọ́n àwọn ti gbà.

A mú akọ méjì àti abo méjì, ibi tí a ti mú ọ̀kan jìnnà sí ibi tí a ti mú èkejì, kí a má baà tún lọ kó ọmọ ìyá kan náà. A yẹra fún gbogbo èyí tó ti ní ẹyin nílẹ̀. Mo fi òrùka aláwọ̀ ewé sẹ́sẹ̀ akọ tó lágbára jù nínú wọn. Fàwáz sọ ọ́ ní Eléwé.

Nígbà tí à ń padà, mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ láti òdì kejì. Típà mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n ń kó iyanrìn.

"Láti ọdún tó kọjá ni," Bàbá Àkànmú ní. "Wọ́n ń fi kọ́lé."

Àìkú, 26

Tírélà ṣubú lẹ́yìn Ọ̀yọ́, ọ̀nà dí láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. A fi aṣọ tútù bo àpótí, a gbé e sábẹ́ igi, Rasheed sì ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú àwọn abo kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kò jà rárá, ó kàn pa ojú dé ni.

Ẹyẹ náà wà lórí iyanrìn tirẹ̀ láàárọ̀ àná. Èmi ni mo gbé e kúrò níbẹ̀.

Ajé, 27

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí wá. A fi àwọn àlejò sí àgọ́ kékeré lẹ́yìn ilé títí tí a ó fi mọ̀ pé àrùn kankan ò sí lára wọn. Bàbá ò sún mọ́ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí.

"Mélòó lẹ mú wá?"

"Mẹ́rin, sà. Ọ̀kan kú lọ́nà."

"Níbo?"

"Lẹ́yìn Ọ̀yọ́. Ọ̀nà dí."

"Ṣé ẹ fi aṣọ tútù bò wọ́n?"

"A fi bò wọ́n, sà."

"Ẹyin mẹ́ta fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tèmi," wọ́n ní. Wọ́n yí padà, wọ́n tún dúró. "Má rò pé mo ti gbà o."

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, sà."

Ajé, 10 oṣù Èrèlé

Àyẹ̀wò fi hàn pé ara àwọn àlejò dá ṣáṣá. A tú wọn sínú àgọ́ ńlá láàárọ̀.

Ìjà ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Olósùn, akọ wa tó ti pẹ́ jù níbẹ̀, fò mọ́ akọ Kíṣì kejì, ó ṣá a lórí títí tí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Mo wọlé, mo gbé akọ Kíṣì náà jáde. Eléwé ní tiẹ̀ ò sá, kò sì jà. Ó lọ dúró sí igun kan létí omi, ó sọ ibẹ̀ di ilé. Abo Kíṣì kò kúrò lábẹ́ koríko látàárọ̀ dalẹ́.

Fàwáz ní kí n fara balẹ̀. Ó ní àlejò kì í wọ̀lú lọ́jọ́ kan. Mi ò jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ooru. Ọyẹ́ ti lọ tán. A ń bu omi sí ìdí àwọ̀n ní ọ̀sán.

Ìṣẹ́gun, 18

Eléwé ti ń gbẹ́lẹ̀. Ó máa ń da àyà délẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ta iyanrìn sẹ́yìn, á gbẹ́ kòtò kékeré, á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, á máa dúró. Ó ti gbẹ́ márùn-ún. Akọ tó fẹ́ fẹ́yàwó máa ń gbẹ́ púpọ̀, kí abo lè yan èyí tó wù ú.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, Aláró rìn lọ wo èkíní. Kò dúró. Ó wo èkejì. Nídìí ẹ̀kẹta, ó wọlé, ó yí ara rẹ̀ ká, ó jókòó.

Mo pe Fàwáz lórí fóònù. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, "Ọ̀gá mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n ti kú ni?"

Ẹtì, 21

Ẹyin kan.

Ìṣẹ́gun, 25

Ẹyin ti pé mẹ́ta. Ó yẹ kí n kó wọn sínú ẹ̀rọ ìpẹyin, bí a ti ń ṣe láti ìgbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí. Ṣùgbọ́n tiransifọ́mà àdúgbò ti bàjẹ́ láti ìjẹta, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ Eléwé àti Aláró ń gba sísàba lọ́wọ́ ara wọn láìjáfara. Bí ọ̀kan bá dìde báyìí, èkejì ti dé. Mo fi ẹyin náà sílẹ̀ fún wọn.

Abo Kíṣì ti jáde lábẹ́ koríko. Ó ń jẹun dáadáa, kò tíì yan ẹnì kankan.

Ajé, 3 oṣù Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Fàwáz ń wá ní àárọ̀ kùtù báyìí, kí oòrùn tó mú. Mo rí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí lókèèrè ní ọjà Bódìjà, wọ́n ń ra ọ̀pẹ òyìnbó. Wọn ò rí mi. Àbí wọ́n rí mi.

Ìṣẹ́gun, 11

Iyanrìn ṣì wà lábẹ́ èékánná mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo lọ sí Dùgbẹ̀ lọ ra àwọ̀n tuntun, torí apá kan lókè àgọ́ ti gbó. Mo ń sanwó lọ́wọ́ nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé páànù. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ni, a ò sì retí rẹ̀ ní kùtùkùtù báyìí. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Máwà, a ò tíì dé Mọ́kọ́lá tí ojú títì ti kún. Mo pe Fàwáz, láàbù ló wà, kò lè jáde. Mo pe ọgbà, kò sẹ́ni tó gbé e. Gbogbo ohun tí mo ń rò kò ju pé ìtẹ́ Eléwé, kòtò kékeré lásán nínú iyanrìn ni, omi ò sì ní pẹ́ kó tó bò ó.

Nígbà tí mo dé, àwọ̀n ti ya lápá ibi tó gbó náà. Omi ń ṣàn gba àárín àgọ́ kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí sì wà lórí eékún wọn nínú iyanrìn, wọ́n na agboòrùn sórí ìtẹ́ náà, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì kó iyanrìn ṣe ògiri yí i ká. Fìlà wọn ti ṣubú. Omi ń ro tótó láti orí wọn. Eléwé dúró síwájú wọn, tí wọ́n bá nawọ́ wọ́n á kàn án, ó ń ké.

"Iyanrìn gbígbẹ wà lábẹ́ òrùlé," wọ́n ní. "Gbé korobá."

Wọn ò kí mi, èmi náà ò kí wọn. Mo ru korobá wá. Wọ́n ní kí n kó ẹyin sí àtẹ́lẹwọ́ àwọn. Mo kó wọn, wọ́n ṣì gbóná. Mo da iyanrìn sílẹ̀, mo mọ ọ́n ga díẹ̀, mo fi ìkúùkù lu kòtò sórí rẹ̀. Wọ́n to ẹyin náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tó mú ṣóńṣó kọjú síra wọn láàárín, gẹ́gẹ́ bí Aláró ṣe tò ó. A fi páálí bò ó lókè, a fi òkúta tẹ̀ ẹ́, a sì bọ́ sábẹ́ òrùlé.

A ń wòran. Òjò ń dá díẹ̀díẹ̀. Aláró yọ láti ibi tó sá sí, ó sún mọ́ òkìtì náà, ó sá padà, ó tún sún mọ́ ọn. Ó gùn ún, ó fi ẹnu kan ẹyin, ó jókòó.

"Bàbá, ẹ ń gbààwẹ̀," ni mo sọ níkẹyìn.

"Òjò ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo rò pé ẹ ò fẹ́ wọn."

Wọ́n ń fún omi kúrò létí agbádá wọn. "Ẹyin ni, Moróunkẹ́," wọ́n ní. "Kí ni ẹyin ṣe fún mi?"

Mo wa mọ́tò ọgbà gbé wọn délé kó tó di àkókò ìṣínu. Ọmọbìnrin wọn, Qonitah, ṣílẹ̀kùn. Ó wo aṣọ wọn, ó wo èmi, kò bi wá ní nǹkan kan, ó kàn lọ gbé omi gbígbóná wá.

Ọjọ́bọ̀, 13

Wọ́n wá.

Àìkú, 16

Mo sáré yọ ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò kí n tó lọ sí ìsìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọmọ wà nínú gbogbo wọn. Èyí tó dàgbà jù ti ń yí ara nínú ẹyin, a jọ rí i. Wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo ní, "Ó tó, sà, ooru iná." Wọ́n pa á.

Ti àwọn ẹyẹ wa tó fẹ́ra wọn, ẹyin márùn-ún, ọ̀kan ló dára.

Ẹtì, 21

Méjì pa láàárọ̀. Ẹ̀kẹta lu èèpo rẹ̀ láti àná, ó dákẹ́, a sì ti ń sọ ìrètí nù, àfi ní ọ̀sán tó já jáde. Kí irun wọn tó gbẹ tán, wọ́n ti ń sáré. Wọn ò tó àtàǹpàkò mi, ẹsẹ̀ wọn bí igi ìṣáná. Wọ́n sáré, wọ́n dúró, wọ́n ṣa nǹkan nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Mo ti wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tọ́.

Fàwáz rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní ààwẹ̀ ló fà á.

Àbámẹ́ta, 22

Èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí jókòó lẹ́yìn àwọ̀n fún ìgbà pípẹ́.

"Ní Kíṣì," wọ́n ní, "ṣé àwọn típà yẹn ṣì ń wa iyanrìn?"

"Wọ́n ṣì ń wà á, sà. Bàbá Àkànmú ní wọ́n ti di mẹ́fà."

"Wọ́n pọ̀ lónìí. Tèmi náà pọ̀ nígbà kan." Wọ́n ń wo àwọn ọmọ náà. "Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, ẹ gbé díẹ̀ lọ síbẹ̀. Kí odò mi náà ní ọmọ lórí iyanrìn."

"Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo ò lè lọ, sà. A ò gbọ́dọ̀ kó àìsàn wa bá wọn. Irú àwọn ọmọ yìí, tí wọ́n bá dàgbà, la lè gbé lọ."

"Ìdajì wọn ni ti odò mi."

"Ìdajì, sà."

Wọ́n rò ó. Mo rí i pé ó ń dùn wọ́n síbẹ̀, mi ò sì wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi pa á rẹ́.

"Ìdajì kì í ṣe òfo," wọ́n ní.

Àìkú, 23

Ojú ọjọ́ dára, òjò alẹ́ àná ti pa eruku. Mo gba Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí láyè kí wọ́n wọ inú àgọ́, ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ òjò. Àwọn ọmọ náà wà létí omi. Bí wọ́n ṣe rìn sún mọ́ ibẹ̀ díẹ̀, Eléwé já síwájú wọn. Apá rẹ̀ kan wọ́ nílẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, ó ń ké bí ohun tó fẹ́ kú. Mo sáré wọlé láti gbé e, mo rò pé okùn àwọ̀n ló kán an lápá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí di ọwọ́ mi mú. "Fi sílẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe é. Ó ń tàn mí kúrò nídìí ọmọ rẹ̀ ni."

Mo ti kà nípa ẹ̀. Mi ò rí i rí.

"Gbogbo wọn ló ń ṣe é lódò wa," wọ́n ní, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Wọ́n á wọ́ apá nílẹ̀ báyìí títí wọ́n á fi mú ẹ rìn jìnnà. Àwọn tí a tọ́ nílé ò ṣe é rí. Mo rò pé ó ti tán láyé."

Mi ò lè sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló gbé e wá tàbí pé èyí ò dàgbà sínú àgọ́. Ó di ìgbà tí àwọn ọmọ yìí bá bímọ kí á tó mọ̀.

Eléwé tún wọ́ díẹ̀ síwájú, ó bojú wẹ̀yìn wò wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí fi ọwọ́ di ìbàdí mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e lórí iyanrìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹyẹ náà tàn jẹ lóòótọ́, títí dé ìdí àwọ̀n lọ́hùn-ún. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti jìnnà tó, ó pa apá rẹ̀ dé, ó fò padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ.

Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọn ò padà wá títí àwọn ọmọ náà fi jẹun tán.